Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Francis James Child, Lórí Ọ̀rọ̀ Ààtàn Tí Ẹ Sọ

Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà,

Ẹ kú ìsinmi o. Mo mọ̀ pé láti ọdún 1896 tí ẹ ti papò dà, ìwé kankan kì í dé ọ̀dọ̀ yín mọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ṣíṣí kì í ṣe ti ẹni tí a kọ ọ́ sí nìkan, ẹni tó bá ń kọjá lọ lè bá a kà. Àwọn tó ń kó orin ìbílẹ̀ jọ lónìí, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, tí wọ́n ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ yín ni gbogbo wọn, wọ́n mọ̀ o, wọn ò mọ̀ o. Bí mo bá ń bá yín sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa tẹ́tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló fa lẹ́tà yìí. Ní 1872, ẹ kọ̀wé sí Svend Grundtvig, ọ̀rẹ́ yín ní Dẹ́nímáàkì, tí òun náà ń kó orin ìtàn ilẹ̀ rẹ̀ jọ. Ẹ ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn orin tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé pélébé, tí wọ́n ń kiri káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, irú èyí tí Samuel Pepys, ará London kan ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, tọ́jú. Ẹ ní òótọ́ ni pé a lè rí díẹ̀ níbẹ̀ tó jẹ́ orin ará ìlú pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n lápapọ̀, ààtàn gidi ni wọ́n: èèyàn á walẹ̀ títí inú á fi máa rú u, kó tó rí òkúta iyebíye kan tí kò tóbi.

Ààtàn! Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí mo ti kà á.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ bú àgbà. Ta ni èmi? Ọmọ ẹni tó ń rán ìgbòkun ọkọ̀ ní Boston ni yín, ẹ fi orí pípé gòkè títí ẹ fi di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, ẹ fi ọ̀pọ̀ ọdún ka àṣìkọ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ń tọ́jú òdòdó rósì nínú ọgbà yín, síbẹ̀ ẹ ráyè ṣe iṣẹ́ tí odindi ẹgbẹ́ kan ò lè ṣe. Láti 1882 títí dé 1898 ni àkójọ yín ń jáde, apá mẹ́wàá, orin ìtàn 305 láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland. Títí di òní, nọ́ńbà tí ẹ fún wọn ni àwọn olórin fi ń pè wọ́n. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ kọ “Child 84,” àwọn tó mọ̀ á ti mọ èyí tó ń bọ̀.

Ohun tí mo yìn yín fún jù lọ ni pé ẹ ò lu orin pọ̀. Bí orin kan bá ní ẹ̀dà mẹ́wàá, ẹ ò mú ìlà tó dùn nínú èyí, kí ẹ fi kún ìlà tó dùn nínú tọ̀hún, kí ó lè di ẹyọ kan tó ń dán. A, B, C, D lẹ fi pe ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ẹ sì kọ ibi tó ti wá: ìwé àfọwọ́kọ ta ni, ẹnu ta ni, ìwé pélébé wo. Thomas Percy, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì tó kó orin jọ ṣáájú yín, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé àfọwọ́kọ tó rí ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Shifnal, tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń ya tí wọ́n fi ń dáná, inú ìwé yẹn ló ti mú díẹ̀ lára orin tó gbé jáde ní 1765, ṣùgbọ́n kó tó gbé e jáde ó ti gé, ó ti lẹ̀, ó ti kùn ún lẹ́fun lósùn. Àwọn tó ka ìwé rẹ̀ ò mọ ibi tí orin pin sí tí Percy ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin wà lára àwọn tó ké títí wọ́n fi tẹ ìwé àfọwọ́kọ náà bó ṣe wà gan-an ní 1867 àti 1868. Ẹ kú iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Ẹ lọ láìsọ ohun kan fún wa. Gbogbo ayé ń retí ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ẹ máa kọ sí apá tó kẹ́yìn, níbi tí ẹ ó ti ṣàlàyé ohun tó mú orin 305 wọ̀nyí wọlé, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin mìíràn fi dúró síta. Ikú ò jẹ́ kí ẹ kọ ọ́. George Lyman Kittredge, akẹ́kọ̀ọ́ yín, parí iṣẹ́ náà, ó sì jáde láìní ọ̀rọ̀ yẹn. Bó ṣe di pé ọ̀rọ̀ ààtàn inú lẹ́tà tí ẹ kọ sí ọ̀rẹ́ wá ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣáájú nìyẹn. Àwọn tó tẹ̀lé yín gbà pé orin tó tẹnu wá ni ojúlówó, èyí tó ti ara bébà wá ni pàǹtírí. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń ja ìjà yìí, ìjà ọ̀hún ò sì tíì tán.

Ẹ jẹ́ kí a wo ààtàn náà fínnífínní.

Láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn atẹ̀wé London ti ń tẹ orin sí ojú kan bébà. Wọ́n á fi àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sára pákó sí òkè rẹ̀, àwòrán tí kì í sábà bá orin mu, torí ọkùnrin onífìlà tí wọ́n lò fún olè lọ́dún yìí, òun náà ni wọ́n máa lò fún olólùfẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Àmì ohùn kì í sábà sí níbẹ̀. Wọ́n á kàn kọ ọ́ sókè pé kí a fi ohùn orin báyìí-báyìí kọ ọ́. Ẹni tí kò bá gbọ́ orin àkọ́kọ́ rí, bébà náà ò wúlò fún un ju kó fi wé nǹkan lọ. Ẹ ò rí i pé bébà yẹn ò lè dá rìn? Etí àti ẹnu ló gbé e lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń kiri rẹ̀ lọ́jà máa ń kọ orin náà kó tó tà á. Ẹni tí kò mọ̀wé máa dúró gbọ́ ọ, ó lè kọ́ ọ níbẹ̀ kó má ra nǹkan kan. Ẹni tó rà á á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Izaak Walton, tó kọ̀wé lórí ẹja pípa ní 1653, sọ̀rọ̀ nípa ilé ọtí kan tí wọ́n lẹ ogún orin mọ́ ògiri rẹ̀. Ṣé orin tí wọ́n ń kà lára ògiri, tí wọ́n ń kọ lórí ìjókòó, tí ọmọdé ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà, ṣé ti bébà ni àbí ti ẹnu?

Gbogbo ayé gbà pé orin àbáláyé ni “Greensleeves.” Ṣùgbọ́n lóṣù September 1580 ni atẹ̀wé kan, Richard Jones, lọ forúkọ orin tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn atẹ̀wé London, ó sì pè é ní orin tuntun. Tuntun! Ọjà ló gbé e wá.

Mi ò sọ pé ọjà náà mọ́ o. Ní ìgbà tiyín, ó ti di òwò àwọn tálákà. James Catnach, tó ṣí ilé ìtẹ̀wé sí Seven Dials ní London ní 1813, ń tẹ ìtàn ìpànìyàn, ẹjọ́ àgbèrè àti orin ìfẹ́ pọ̀ lórí ẹ̀rọ kan náà. Àwọn akéwì tó ń kọ̀wé fún irú wọn, ṣílè kan ni wọ́n ń gbà lórí orin. Wọ́n ní owó bàbà tí àwọn oníkiri ń kó wá bá Catnach dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa ń fi ọtí kíkan sè é nítorí àrùn. (Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.) Mo gbà pé púpọ̀ nínú ohun tó ń jáde níbẹ̀ kò níláárí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tó ń ti ẹnu jáde náà kò níláárí. Ẹnu kàn máa ń gbàgbé tirẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó máa rí i. Bébà kì í gbàgbé, ìyẹn ló ṣe dà bí ààtàn lójú yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi iṣẹ́ ọwọ́ yín bá yín jà. Láti orin 117 dé 154 nínú àkójọ yín, Robin Hood ni gbogbo rẹ̀, orin 38. Ibo lẹ ti rí wọn? Èyí tó gùn jù, tó ṣíwájú, ìwé títẹ̀ nìkan la ti rí i, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu akọrin. Púpọ̀ nínú ìyókù, ìwé pélébé ni. Orin 84 ńkọ́, “Barbara Allen”? Ẹ̀dà A tiyín wá láti inú ìwé tí Allan Ramsay, akéwì Scotland, tẹ̀ jáde ní 1740. Ẹ̀dà B wá láti ara ìwé pélébé. Ààtàn lẹ wà lọ́jọ́ yẹn, bàbá, ẹ sì bá a dé ilé.

Barbara Allen yìí gan-an ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí orin mìíràn ò mọ irú ìrìn tó rìn. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń kú lọ nítorí ìfẹ́. Ó ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin náà. Ọmọbìnrin náà ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀, ó dé, ó wò ó lórí ibùsùn, ó ní “ó jọ pé o ń kú lọ,” ó sì yí ẹ̀yìn padà. Nígbà tó gbọ́ agogo òkú lójú ọ̀nà ni ọkàn rẹ̀ tó dà á láàmú, òun náà sì kú tẹ̀lé e. Ohun tó wà níbẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi àkọ́kọ́ tí a ti rí i ni ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ Samuel Pepys, ọjọ́ kejì oṣù January 1666. Kì í ṣe àgbẹ̀ tàbí ìyá arúgbó ló kọ ọ́ fún un. Òṣèré orí ìtàgé kan ni, Elizabeth Knepp, níbi àríyá. Pepys gbádùn rẹ̀, ó pè é ní orin Scotland kékeré. Kí ọ̀rúndún yẹn tó parí, orin náà ti wà lórí ìwé pélébé. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀lé e, òǹkọ̀wé Oliver Goldsmith kọ ọ́ pé kò sí akọrin ńlá tó wú òun lórí bí obìnrin tó ń fún wàrà nílé wọn ṣe wú òun lórí nígbà tó bá ń kọ ìkà Barbara Allen, tí omi á máa bọ́ lójú òun. Ramsay tẹ̀ ẹ́. Percy tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ikú yín, láàárín 1916 sí 1918, Cecil Sharp àti Maud Karpeles, àwọn olùkójọ orin láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rìn lórí òkè Appalachia ní ilẹ̀ yín níbẹ̀, wọ́n sì ń bá a pàdé láti ilé dé ilé, ohùn rẹ̀ ń yí, orúkọ ọ̀dọ́kùnrin náà ń yí, àkókò ọdún ń yí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà, òdòdó rósì hù láti ibojì ẹnì kan, ẹ̀gún hù láti ibojì ẹnì kejì, àwọn méjèèjì sì ta kókó mọ́ra lórí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ wá sọ fún mi, ta ló kọ́ ta ni? Òṣèré ló kọ́ atẹ̀wé ni, àbí atẹ̀wé ló kọ́ ẹni tó ń fún wàrà, àbí àwọn méjèèjì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn tí ẹnikẹ́ni ò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Mo mọ ẹni tí ẹ máa pè láti wá jẹ́rìí ta kò mí. Ìyá James Hogg, akéwì Scotland, ni, Margaret Laidlaw. Òǹkọ̀wé Walter Scott, tí òun náà ń kó orin ìtàn jọ, lọ bá a ní 1802 láti gbọ́ orin kan tó ń jẹ́ “Auld Maitland” lẹ́nu rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe rò ó lẹ́yìn náà, ìyá náà sọ̀rọ̀ tó ń ta ni lára: ó ní kò sí èyí tí wọ́n tẹ̀ rí nínú orin òun àfi ìgbà tí Scott tẹ̀ wọ́n, Scott sì ti bà wọ́n jẹ́ pátápátá, pé a dá wọn fún kíkọ ni, a ò dá wọn fún kíkà, àti pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni ò ní kọ wọ́n mọ́.

Mo fẹ́ràn ìyá yẹn. Òótọ́ ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: orin tó bá ti wọ inú ìwé olówó, tí ohùn rẹ̀ ò bá a wọlé, ó ti di ewì fún àwọn tó jókòó sídìí iná. Ẹ̀yin pàápàá, ohùn orin díẹ̀ ló wà nínú àkójọ yín, ẹ̀yìn ìwé lẹ sì tì wọ́n sí. Ó di 1959 kí ọ̀mọ̀wé Bertrand Bronson tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ohùn àwọn orin yín jáde, ìdìpọ̀ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ìyá ò tọ̀nà lórí ti ìgbẹ̀yìn. Wọ́n ṣì ń kọ wọ́n. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kọ wọ́n torí pé Scott tẹ̀ wọ́n ni.

“Auld Maitland” tó fa gbogbo ìrìn yẹn ńkọ́? Ìyá ní òun àti arákùnrin òun kọ́ ọ lẹ́nu Andrew Moor arúgbó, òun náà kọ́ ọ lẹ́nu ìyá arúgbó mìíràn. Ẹnu mẹ́ta léra. Ẹ̀yin ẹ wo orin náà, ẹ ò gbà á wọlé. Kò sí nínú 305. Ó túmọ̀ sí pé ẹ mọ̀, láìsọ ọ́, pé ẹnu nìkan kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

Anna Gordon náà ńkọ́, tí wọ́n ń pè ní Mrs Brown ti Falkland? Ẹ ní kò sí orin ìtàn Scotland tó dára ju tirẹ̀ lọ. Mo gbà. Ẹnu àǹtí rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti obìnrin tó tọ́ ọ ló ti kọ́ àwọn orin náà, àwọn ìyẹn gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará oko. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì Aberdeen ni, ó mọ̀wé dáadáa, ó ń ka ewì. Ìgbà tó bá kọ orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kì í bá ara mu délẹ̀délẹ̀. Lójú tèmi, ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Bí olórin ṣe ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ti ka ìwé kì í tún ṣe ẹnu tí kò kà á rí. Ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé jù gan-an, ojúlé kan náà ni ìwé àti ohùn ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí n dá àwọn kan lára yá jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọjú sí ìhà kejì. Lẹ́yìn yín, àwọn olùwádìí dé tí wọ́n fẹ́ràn ààtàn ju bí ẹ ṣe kórìíra rẹ̀ lọ. Wọ́n wo orin tí Sharp àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà lẹ́nu àwọn ará oko, wọ́n wo ìwé pélébé, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ ti wà lórí bébà kí wọ́n tó bí baba akọrin náà. Àkíyèsí wọn tọ̀nà. Orin “The Seeds of Love” tí Sharp gbọ́ lẹ́nu John England, olùtọ́jú ọgbà, ní Hambridge ní 1903, tó sọ ọ́ di olùkójọ orin títí ọjọ́ ikú rẹ̀, àwọn atẹ̀wé ti tẹ̀ ẹ́ láìmọye ìgbà ní ọ̀rúndún tó ṣáájú. Àmọ́ ibi tí wọ́n gbà parí ọ̀rọ̀ ni mi ò bá wọn dé: pé akọ̀wé alábọ́ọ́dé kan ní London ló dá gbogbo rẹ̀, ará oko kàn há a sórí ni. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ya ọmọ ní fọ́tò kọ́ ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ìwé pélébé tí a rí ní 1820 ń sọ pé orin náà wà ní 1820. Kò sọ ibi tí atẹ̀wé ti rí i. Ó lè jẹ́ orí ìtàgé, ó lè jẹ́ ìwé atẹ̀wé mìíràn tó jí, ó sì lè jẹ́ ẹnu ẹni tó wá ra bébà. Bí akọ̀wé kan bá tiẹ̀ dá a, kí ni John England kọ nígbà tó ń gé koríko? Ohùn tí kò sí lára bébà kankan ló fi kọ ọ́. Akọ̀wé gba ṣílè rẹ̀, ó lọ. Àwọn tó kọ orin náà fún ọgọ́rùn-ún ọdún ló ń gé e, tó ń fi kún un, tó ń tún un ṣe.

Ní 1954, ìgbìmọ̀ orin ìbílẹ̀ àgbáyé jókòó ní São Paulo, wọ́n sì gbìyànjú láti sọ ohun tí ẹ ò ráyè sọ. Wọ́n ní ohun mẹ́ta ló ń sọ orin di ti ìbílẹ̀: kó máa bá ìran dé ìran, kó máa yí lẹ́nu ẹni tó ń kọ ọ́, kí àwùjọ máa ṣà á, kí wọ́n mú èyí tó wù wọ́n. Wọ́n gbà pé orin tí ẹnì kan dá lè wọ ẹgbẹ́ yìí tí àwùjọ bá ti gbà á tí wọ́n sì tún un mọ. Èmi ò rí aṣọ tó bá ọ̀rọ̀ náà mu ju ìyẹn lọ, bó tilẹ̀ fún un lápá díẹ̀.

Ṣé ẹ máa ní kí ló kàn mí? Ìwé orin kan wà lọ́wọ́ mi tó lé ní igba orin. Lábẹ́ èyí tó ju ìdajì lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: “Ìbílẹ̀.” Kò sí akọrin, kò sí ọdún, kò sí ìlú, kò sí ìwé. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn béèrè ilé ẹnì kan tí wọ́n ní “ayé ni.” Ọ̀rọ̀ “ìbílẹ̀” yẹn jọ ọ̀wọ̀ fún àwọn baba ńlá, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀lẹ ni, nígbà mìíràn sì rèé, olè ni.

Èyí tó jẹ́ ọ̀lẹ: “Stille Nacht,” orin Kérésìmesì tí kò sí èdè tí wọn ò fi kọ. Àlùfáà Joseph Mohr kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1816, Franz Gruber fi ohùn sí i ní Oberndorf, Austria, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì 1818. Àwọn ẹbí olórin láti Tyrol gbé e káàkiri, atẹ̀wé kan ní Dresden sì tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí 1833 mọ́ àwọn “ojúlówó orin Tyrol,” láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́rìndínlógójì lẹ́yìn alẹ́ Oberndorf, ní December 1854, ni àwọn akọrin ọba ní Berlin tó ránṣẹ́ béèrè ẹni tó ni ín, Gruber sì mú kálàmù, ó kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mohr ti kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ká ní Gruber náà ti lọ ni, “ìbílẹ̀” ni ì bá máa jẹ́ títí dòní, àwa náà ì bá sì máa wá gbòǹgbò rẹ̀ láàárín àwọn darandaran orí òkè.

Èyí tó jẹ́ olè ló kọ mí lóminú jù. Ní 1939, ní Johannesburg, Solomon Linda àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, wọ́n kọ “Mbube.” Wọ́n ní ṣílè mẹ́wàá ló gbà tó fi fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwo orin náà dé Amẹ́ríkà, olórin Pete Seeger gbọ́ ọ, ó ṣì í gbọ́, ó pè é ní “Wimoweh,” ó sì gbà pé orin àtijọ́ àwọn Súlú ni. Lórí ìwé orin tó jáde, orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ láyé ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó tò ó, orúkọ Linda ò sí. Ní 1961 ó di “The Lion Sleeps Tonight,” ó sì pa owó tí mi ò lè kà. Linda kú ní 1962 nínú òṣì. Ó di 2006 kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó yanjú ẹjọ́ náà, tí wọ́n sì gba díẹ̀ nínú ohun tó tọ́ sí wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “ìbílẹ̀,” ló ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Kò sí ẹni tó fọ́lé. Wọ́n kàn ní kò sí ẹni tó ni orin náà.

Ọ̀nà tún wà tí “ìbílẹ̀” fi ń jẹ́ aṣọ ìbora fún ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Robert Burns, akéwì Scotland, sọ pé ẹnu ọkùnrin arúgbó kan ni òun ti gba “Auld Lang Syne” sílẹ̀, pé kò sí nínú ìwé kankan tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ orin tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ti wà nínú ìwé tí James Watson tẹ̀ ní 1711. Mi ò pe Burns ní òpùrọ́. Ó ṣeé ṣe kí arúgbó náà wà. Ṣùgbọ́n arúgbó náà lè ti kà á, Burns sì lè ti tún un mọ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé.

Ìyà wà fún ẹni tó bá fi ìwé àkọsílẹ̀ inú àpò rẹ̀ pa mọ́. Ní ilẹ̀ Brittany, ní Faransé, La Villemarqué tẹ àkójọ orin rẹ̀ jáde ní 1839, orin dídán, orin ogun àtijọ́. Ní 1872, ọdún kan náà tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ààtàn, Luzel, olùkójọ orin mìíràn níbẹ̀, dìde láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, ó ní ayédèrú ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n bẹ bàbá náà kó mú ìwé tó fi ń kọ orin sílẹ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn wá. Kò mú un wá. Ó bá ẹ̀gàn wọ sàréè. Ó di 1964 kí olùwádìí kan, Donatien Laurent, tó rí ìwé wọ̀nyẹn lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀. Kí ló wà nínú wọn? Orin tó gbà lẹ́nu àwọn èèyàn lóòótọ́, pẹ̀lú ìkọ̀wé kíákíá ẹni tó ń sá tẹ̀lé ohùn. Òótọ́ ni pé ó fi òróró kùn wọ́n nígbà tó ń tẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n kò dá wọn láti inú afẹ́fẹ́. Ìtìjú kí wọ́n má rí ibi tó ti fọwọ́ kàn án ló jẹ́ kí wọ́n pè é ní òpùrọ́ fún ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún.

Ìdí nìyí tí mo fi ń fi iṣẹ́ yín bẹ àwọn ọmọ yín, bí mo tilẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ yín bá yín wí. Kí wọ́n padà sí A, B, C yín. Bí wọ́n bá gbé orin jáde, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ létí wọn sílẹ̀, àti ọjọ́ tó kọ ọ́. Kí wọ́n bi í léèrè ibi tó ti gbọ́ ọ, kódà kó ní ara rẹ́kọ́ọ̀dù ni tàbí inú ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Kí wọ́n má fi ìyẹn pa mọ́ bí ẹni pé ó ba orin jẹ́. Olórin kan, Percy Grainger, ti fi ọ̀nà kan hàn ní 1906 nígbà tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ sí Lincolnshire, tó gba ohùn Joseph Taylor gan-an sílẹ̀, tí ilé iṣẹ́ àwo orin sì gbé ohùn bàbá náà jáde ní 1908 pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n wá ìwé pélébé tó bá a mu, kí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má sọ pé èyí bí èyí tí wọn ò bá mọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti yí ọ̀rọ̀ padà nítorí pé ó rí bákan létí ọmọdé, bí Sharp ti ṣe nínú àwọn ìwé rẹ̀ kan, kí wọ́n sọ ọ́, kí wọ́n sì tọ́jú ti àkọ́kọ́, bí Sharp náà ti ṣe.

Iṣẹ́ náà ti rọrùn ju bó ṣe rí nígbà tiyín. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan, Steve Roud, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú káàdì lásán, ó sì ti fún orin tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ní nọ́ńbà, ti ẹnu àti ti bébà pọ̀ lábẹ́ nọ́ńbà kan náà. Barbara Allen ni 54 lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé ìkàwé Bodleian ní Oxford ti gbé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n ìwé pélébé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn lè jókòó sílé kó máa walẹ̀ láìsí òórùn. Lálẹ́ àná mo wà níbẹ̀ títí aago méjì òru, mò ń wá ọkùnrin onífìlà yẹn. Mo rí i lórí orin mẹ́ta.

Ẹ bá mi kí Grundtvig. Ẹ bá mi kí ìyá Hogg, tí ẹ bá lè sún mọ́ ọn. Ìbéèrè kan péré ló kù lẹ́nu mi, ẹ má bínú: àwọn òdòdó rósì inú ọgbà yín ní Cambridge ti Amẹ́ríkà, tí gbogbo èèyàn ń wá wò, kí lẹ fi ń ṣe ajílẹ̀ wọn?

Èmi ni,
Ẹnì kan tó ṣì ń walẹ̀